Níbo Ni Etí Igi Yìí Wà?

Bíńtín jí láàárọ̀ Sátidé. Ó fò sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbì!

Ọmọ kékeré ni Bíńtín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í ṣe bíńtín rárá. Bó bá kígbe, ológbò aládùúgbò á sá wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi fò sílẹ̀.

Tábìlì kan wà nílé wọn. Tábìlì náà kéré. Àga mẹ́ta péré ló ń gbà.

Bàbá á jókòó síbí. Màmá á jókòó sọ́hùn-ún. Bíńtín á jókòó sáàárín. Ó tó wọn.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá àgbà wá bá wọn gbé. Inú Bíńtín dùn! Ìyá àgbà mọ àlọ́. Ìyá àgbà mọ orin. Ìyá àgbà lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn ún.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kà á. Àga mẹ́ta. Èèyàn mẹ́rin. Yéè!

Ta ló máa dìde fún àgbà? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọmọdé ni.

Ni Bíńtín bá ń jẹun lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Ó ń gbé àwo rẹ̀ sórí itan. Ó ń gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nídìí tábìlì, kò sì mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ó ń dùn ún. Ó ń dùn ún gan-an ni.

Màmá rí i. Káfíńtà ni Màmá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé.

"Má fajú ro, ọmọ mi," Màmá sọ. "Màá kan tábìlì ńlá. Gbogbo wa la máa jókòó."

"Èmi náà?"

"Ìwọ gan-an."

Pátákó kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù Màmá. Pátákó ńlá! Ó gùn ju Bàbá lọ. Èèpo igi ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò tọ́ rárá. Ó yọ síta, ó wọlé. Ó yọ síta, ó wọlé. Bí igi náà ṣe dàgbà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe là á.

"Ṣé ká kàn án lónìí?" Bíńtín béèrè.

Màmá fi ìka kan pátákó náà. Bù. Bù.

"Ó ṣì tutù nínú," Màmá sọ. "Tá a bá fi igi tutù kan tábìlì, á wọ́, á sì là. Igi yìí ti ń gbẹ láti ìgbà tí o ò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Ó ku díẹ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Sátidé míì dé. Bù. Bù. Bíńtín jẹun lórí àtẹ̀gùn.

Sátidé míì tún dé. Bù. Bù. Bíńtín tún jẹun lórí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn ti sú u pátápátá!

Ìdí nìyẹn tó fi fò sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ Sátidé yìí. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ Màmá, èyí tó gùn jù ú lọ. Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ìka kan pátákó náà.

Kó! Kó!

Bíńtín dúró. Ó tún kàn án.

Kó! Kó!

"Màmá! Kò dún bù mọ́! Kó ló ń dún!"

Màmá sáré wá. Òun náà kàn án. Kó! Kó!

"Ó ti gbẹ!" Màmá pariwo. Àwọn méjèèjì jó yí pátákó náà ká.

Màmá gbé àwo mẹ́rin wá, ó tò wọ́n sórí pátákó. Àwo Bàbá rèé. Àwo Màmá rèé. Àwo Ìyá àgbà rèé.

Ó ku àwo Bíńtín. Màmá gbé e síbi tí pátákó náà ti yọ ikùn síta jù lọ. Wẹ́kú!

"Ibí yìí ni tìrẹ," Màmá sọ.

Bíńtín fọwọ́ pa ibẹ̀. Tèmi, ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Tèmi, tèmi, tèmi.

Màmá kó àwo kúrò. Ó fún Bíńtín ní igi pẹlẹbẹ kan. Igi náà ò mú bí ọ̀bẹ, kò lè géèyàn lọ́wọ́.

"Fi bó èèpo rẹ̀. Rọra ṣe é o. Mò ń lọ ra bébà tá a máa fi dán igi yìí. Bọ̀dá Tààrà ń bọ̀. Tó bá dé, sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gé etí igi yìí."

"Etí kẹ̀?" Bíńtín béèrè.

Ṣùgbọ́n Màmá ti gun kẹ̀kẹ́. Gbirin-gbirin! Ó ti lọ.

Bíńtín ń bó èèpo. Fáá! Èèpo kan já bọ́. Fáá! Òmíràn já bọ́. Fáá, fáá, fáá! Gbogbo èèpo wà nílẹ̀.

Wàyí o, níbo ni etí igi yìí wà?

Bíńtín rántí Ìyá àgbà. Bí Ìyá àgbà bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí, á ní, "Ẹ rọra o. Ògiri létí."

Bí ògiri bá létí, kí ló dé tí igi ò ní ní?

Bíńtín wo orí pátákó. Kò sí etí. Ó wo ìdí pátákó. Kò sí etí. Ó wọ abẹ́ pátákó lọ.

Ihò róbótó kan rèé! Ẹ̀ka kan ló ti yọ níbẹ̀ rí. Inú ihò náà ṣókùnkùn biribiri.

"Àháà!" Bíńtín sọ. "Mo ti rí ẹ!"

Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ kíá. Igi yìí jù ú lọ dáadáa, kò yẹ kó rí i fín.

"Mo ti rí yín," ó sọ. Ó gbẹ́nu mọ́ ihò náà. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Igi ò dáhùn.

"Wọ́n ń gbọ́ mi," Bíńtín sọ. "Wọn ò kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ ni."

Bọ̀dá Tààrà dé. Òun àti Màmá ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ohun tó bá tọ́ ni Bọ̀dá Tààrà fẹ́ràn. Ìlà tó tọ́. Àga tó tọ́. Bí omi bá wà lójú ọ̀nà, kì í yà fún un. Àárín omi ló máa gbà. Tààrà!

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá," Bíńtín kí i láti abẹ́ pátákó.

"Káàárọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Kí ni Màmá wí nípa pátákó yìí?"

"Wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ihò yìí."

"Ihò? Kò burú. Kí ni mo fẹ́ fi ihò ṣe? Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ?"

"Ìyẹn nìkan ni."

Bíńtín fi ọwọ́ méjèèjì bo ihò náà. Ẹnikẹ́ni ò ní gé etí yìí lójú òun!

Bọ̀dá Tààrà wo ẹ̀gbẹ́ pátákó. Ó yọ síta, ó wọlé. Ó yọ síta, ó wọlé. Ó fajú ro.

"Áà! Kí ló ń ṣe igi yìí tó ń jó kiri báyìí? Ó gbọdọ̀ tọ́!"

Ó fi ṣọ́ọ̀kì pa okùn. Ó na okùn náà sórí pátákó. Ó fà á sókè, ó jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Pá!

Ìlà funfun kan wà lórí pátákó. Tààrà!

Ṣé ẹ mọ ibi tí ìlà náà gbà? Àárín ibi tí àwo Bíńtín jókòó sí gan-an ló gbà kọjá.

Bíńtín ò rí i. Abẹ́ pátákó ló wà, ó ń ṣọ́ ihò.

Bíńtín, dìde! Bíńtín, wo òkè!

Kò gbọ́ wa. Bọ̀dá Tààrà mú ayùn.

Fìrì-fàà. Fìrì-fàà.

Ìyá àgbà yọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Bíńtín! Kí lò ń ṣe nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn? Gbé aṣọ yẹn sókè, jọ̀ọ́. Etí aṣọ rẹ ń wọ́ nílẹ̀."

Bíńtín wo aṣọ rẹ̀.

Etí aṣọ?

Aṣọ kì í gbọ́ràn. Síbẹ̀, aṣọ létí. Ibi tí aṣọ parí sí ni etí rẹ̀.

Fìrì-fàà. Fìrì-fàà.

Odò pàápàá létí. Ibi tí odò parí sí ni etí rẹ̀.

Fìrì-fàà.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, etí igi… etí igi…

"YÉÈÈÈ! Ẹ DÚRÓ!"

Ológbò aládùúgbò sá wọlé. Fìlà Bọ̀dá Tààrà já bọ́. Ayùn dúró gbagidi.

"Kí ló dé?" Bọ̀dá Tààrà béèrè. "Ṣé mo fọwọ́ kan ihò ni?"

"Ihò kọ́ o! Etí ni! Ibi tẹ́ ẹ̀ ń gé yẹn gan-an ni etí! Màmá ní ẹ ò gbọdọ̀ gé e! Èmi ni mo ṣì í gbọ́! Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, àyè mi nìyẹn!"

Bọ̀dá Tààrà fa ayùn yọ. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ pátákó.

Ayùn ti wọlé láti ìpẹ̀kun kan. Ó wọlé tó ìka kan. Ìka kan péré.

Kò tíì dé ibi tí àwo Bíńtín máa wà. Ikùn pátákó ṣì wà níbẹ̀, ó yọ síta gbẹndẹkẹ!

Gbirin-gbirin! Màmá dé. Ó wo ìlà funfun. Ó wo ayùn. Ó wo Bíńtín tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo rò pé etí tí wọ́n fi ń gbọ́ràn ni. Mo tiẹ̀ kí wọn."

"O kí ta ni?"

"Igi."

Màmá fẹ́ bá a wí. Kò rí i ṣe. Ẹ̀rín gbà á lẹ́nu.

"Èmi gan-an ni mo ṣe é," ó sọ. "Ó yẹ kí n fi etí igi hàn ọ́ kí n tó lọ."

"Èmi náà jẹ̀bi, Ọ̀gá," Bọ̀dá Tààrà sọ. "Ó yẹ kí n béèrè lọ́wọ́ yín kí n tó mú ayùn. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà." Ó gbé fìlà rẹ̀ nílẹ̀. "Ṣùgbọ́n igbe yẹn! Igbe yẹn lè dá ọkọ̀ ojú irin dúró!"

Màmá pò gúlúù mọ́ ìyẹ̀fun igi. Ó fi dí ojú ibi tí ayùn gé. Nígbà tó gbẹ, èèyàn ní láti wá a kó tó rí i.

Ó fún Bíńtín ní bébà. "Ìwọ lo gba etí yìí là. Ìwọ lo máa dán an."

Wọ́n fi bébà tó le bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú èyí tó rọ̀ díẹ̀. Ṣẹ̀rẹ̀-ṣẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú èyí tó rọ̀ jù lọ. Fẹ́lẹ́-fẹ́lẹ́.

"Bí ìlà igi bá ṣe lọ ni kí ọwọ́ ẹ máa lọ," Màmá sọ. "Má dábùú rẹ̀, kó má baà ha."

Ọwọ́ Bíńtín ń tẹ̀ lé etí igi. Ó yọ síta, ó wọlé. Ó yọ síta, ó wọlé. Apá ń ro ó. Kò dúró!

Bọ̀dá Tààrà di ojú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa etí igi náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Hùn-ún," ó sọ. Ó tún fọwọ́ pa á.

Nígbà tó ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, omi wà lójú ọ̀nà. Bọ̀dá Tààrà yà fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá da òróró sórí aṣọ rírọ̀. Ó fi nu pátákó náà.

Háà! Àwọ̀ pupa jáde. Àwọ̀ bíi ti oyin jáde. Ìlà kéékèèké jáde lóríṣiríṣi!

"Ṣé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?" Bíńtín béèrè.

"Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀," Màmá sọ.

Òróró gbẹ. Ó tó àkókò láti gbé e wọlé. Bàbá gbé orí, Bọ̀dá Tààrà gbé ìdí. Màmá wà láàárín.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Gbàgà!

"Ó há," Bàbá sọ.

"Ẹ yí i!" Gbàgà! "Ẹ tún un yí!" Gbàgà!

Bàbá ń làágùn. Bọ̀dá Tààrà ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá àgbà ń sọ pé, "Ẹ rọra, ẹ rọra."

Bíńtín wo ilẹ̀kùn. Ó wo pátákó. Ó fọwọ́ lé ìbàdí bí ọ̀gá.

"Ẹ dá a dúró lórí etí ẹ̀!"

Wọ́n dá pátákó dúró lórí etí rẹ̀. Wọ́n tì í. Ó wọlé wẹ́rẹ́!

"Káfíńtà kékeré!" Bọ̀dá Tààrà kígbe. "Ọ̀gá mi tuntun!"

Nínú ilé, Màmá kan ẹsẹ̀ mẹ́rin mọ́ ọn. Ó mì í wò. Kò mì.

Oúnjẹ jinná. Bàbá jókòó. Màmá jókòó. Ìyá àgbà jókòó. Bọ̀dá Tààrà náà rí àyè, ó jókòó.

Bíńtín gbé àwo rẹ̀ sórí ikùn tábìlì. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó jókòó.

"MO TI JÓKÒÓ O!" ó kígbe. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Wọ́n jẹun. Bíńtín sọ bó ṣe kí igi pé ẹ káàárọ̀ tí igi ò dáhùn. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ tu omi tó ń mu jáde lẹ́nu.

Oúnjẹ tán. Màmá kó àwo kúrò. Bíńtín ò dìde.

"Bíńtín, oúnjẹ ti tán o," Bàbá sọ.

"Mo mọ̀, sà."

"Kí lo wá ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń jókòó ni."

Bàbá wò ó. Ó tún àga rẹ̀ fà sún mọ́ tábìlì. Màmá padà wá jókòó. Bọ̀dá Tààrà ò lọ sílé. Ìyá àgbà na ọwọ́ sórí tábìlì, ó di ọwọ́ Bíńtín mú.

Ẹnikẹ́ni ò dìde.