Ta Ló Di Ọmọ Náà?

Àkèré kankan kò dún nínú irà wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà òjò, ariwo wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Èmi àti Shanelle, ọmọ àbúrò mi, la wá bó èèpo igi kúkúrú tó ń hù létí omi níbẹ̀. Èèpo náà fẹ́lẹ́ bí ìwé, ó rọ̀ bí òwú, òun sì ni a fi ń di gbogbo ọmọ ìdílé wa. Láti ìlú ńlá Melbourne ni Shanelle ti gbé Allira, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá, ó sì gbé e dání wá sí irà náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò ké rí. Dókítà ò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà wá pé kò ní í lóhùn láyé.

Mo fi òógùn abíyá mi àti ti Shanelle sómi, kí àwọn àgbà tó ti lọ lè gbóòórùn wa. Mo dárúkọ wa fún wọn. A bó èèpo, a yíjú sílé. Ká tó mọ̀, ìdí igi tí a ti kúrò la tún wà. A tún rìn, ibẹ̀ náà la tún já sí. Ẹnì kan rọra rẹ́rìn-ín láàárín igi.

"Àǹtí, ta nìyẹn?" Shanelle gbá Allira mọ́ra.

"Ará ilé ni. Ṣé mo dárúkọ ọmọ?"

"Rárá o. Àwa méjèèjì nìkan lẹ dárúkọ."

"Ọjọ́ ogbó ti dé nìyẹn. Mo gbé àlejò wọlé onílé, mi ò sọ ẹni tó jẹ́."

Mo fọwọ́ nu òógùn orí Allira, a tẹ́ ẹ sórí èèpo nílẹ̀, a sì lọ sétí omi. Mo fọ ọwọ́ mi sínú rẹ̀. "Allira rèé. Tiyín ni."

Àkèré kan dún. Gbogbo irà sì gbà á. Lẹ́yìn wa, ọmọ kan figbe ta.

Shanelle sáré gbé e nínú ìdì èèpo rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń jó nínú ẹrẹ̀ bí ọmọdé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀nà gbé wa délé tààrà.

Nílé, Shanelle ń tú koríko tí wọ́n fi so ìdì náà. "Àǹtí, ẹ kọ́ mi bẹ́ ẹ ṣe ta kókó yìí."

"Èmi kẹ̀? Ṣebí ìwọ lo dì í."

"Mi ò fọwọ́ kàn án."

Mo wo kókó náà dáadáa. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ta á. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ta á bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa, ìyá mi, tí a ò tíì dárúkọ rẹ̀ látìgbà tí a ti sin ín, nítorí a kì í pe orúkọ òkú nílé wa. Inú mi dùn dé ibi tí omijé fi bọ́.

Allira yíjú sí ẹnu ọ̀nà tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, ó sì ké bí ọmọ tí ẹni tó pọ̀n ọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.