Lẹ́tà tí Wọ́n Kọ sí Baba Hàwáù

Orí àpò iṣu ni Hàwáù jókòó sí lẹ́bàá títì Fìdítì, ó bọ́ bàtà, ó ń fi etí ìró nu eruku ẹsẹ̀. Mọ́tò tó gbé e láti Ilora ti dẹnu kọlẹ̀. Mùtàlíbù, tíṣà tó ń ti ilé-ìwé bọ̀, tí ariwo àádọ́ta ọmọ ti gba ohùn lọ́fun rẹ̀, dúró wò ó. Ó rẹ òun náà, ṣùgbọ́n kò lè kọjá.

"Ẹ ò tiẹ̀ ní kí mi kú ìrọ́jú?" ni Hàwáù wí.

"Mò ń wò ó bóyá àyè ṣì kù lórí àpò yẹn ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sún fún un.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lọ́dún 1974. Nígbà tí ọyẹ́ dé, Mùtàlíbù lọ fojú han baba Hàwáù, Mọ́ṣúdù, tó ti ṣe olórí ẹgbẹ́ oníṣu Ilora fún ọdún méjìdínlógún. Baba kò bi í léèrè ilé tó ti wá. Lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì kan tó ti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní Ìbàdàn wá ló nà sí i.

"Ẹni mẹ́ta ti kà á fún mi. Wọ́n ní wọ́n kàn ń kí mi ni. Kí ni ìwọ rí níbẹ̀?"

Mùtàlíbù rí 'step down'. Ó gbójú sókè, ó rí Hàwáù lẹ́nu ọ̀nà tó ń mi orí fún un pé kó má sọ ọ́. Bó bá sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ lè má tẹ ọmọ yìí mọ́ láéláé.

"Baba, wọ́n ní kí ẹ fi ipò olórí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í lo ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì yìí fún olórí tí wọ́n lé. Ẹni tó fúnra rẹ̀ gbé ipò sílẹ̀ ni wọ́n ń lò ó fún."

Baba ká lẹ́tà náà. "Máa lọ sílé."

Hàwáù sìn ín dé ìdíkọ̀. "Ẹ̀yin náà ì bá ní wọ́n ń kí i," ló wí, pẹ̀lú ohùn ẹni tí kò ní agbára ìjà.

"Ojú wo ni mo fẹ́ máa fi wò ó lẹ́yìn náà?"

Oṣù méjì kọjá, Mùtàlíbù ò gbúròó wọn. Ó ń kọ́ ọmọ, ó ń jẹun, kò mọ adùn kankan. Lọ́jọ́ kan, baba ránṣẹ́ pè é.

"Mo ti gbé ipò náà sílẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́," ni baba wí. "Ọdún mẹ́rin ni eékún ti ń dùn mí, tí wọ́n ṣì ń pọ́n mi pé kò sí irú mi. Inú bí mi sí ọ gan-an. Ìwọ nìkan lo sì jẹ́ kí n sinmi. Lọ mú àwọn ẹbí rẹ wá."

Hàwáù ń dúró dè é níta; baba sì tẹ̀lé e jáde.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa sọ òótọ́ fún èmi náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Á máa bí mi nínú o."

"Mo mọ̀."

"Ẹ má ṣáà jáwọ́." Ó sì gbé orí lé e léjìká níbẹ̀, níṣojú baba rẹ̀.