Kòkó Tí Kò Ní Ṣúgà

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Abọ́sẹ̀dé rí Akínwálé, ọkùnrin náà lóṣòó ti ẹní tí wọ́n sá kòkó sí nínú oko bàbá Abọ́sẹ̀dé lẹ́yìn Ẹdẹ, ó ń rún hóró kan lẹ́nu, ojú rẹ̀ fún pọ̀ bíi ti ọmọ tí wọ́n fún ní kúnínì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ebi ń pa yín tó báyìí ni?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe, ẹ má bínú."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Abọ́sẹ̀dé ṣubú.

Ọdún méjì ni Akínwálé fi kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní Japan. Kó tó padà dé, àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba, iléeṣẹ́ tó rán an lọ sì ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ní kó bá òun túmọ̀ ìwé kékeré kan nípa kòkó sí èdè Japan. Orúkọ kan ló dá iṣẹ́ náà dúró: xocolatl, ohun mímu àwọn Aztec, ará Mexico ayé àtijọ́.

"Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni omi kíkorò," ó wí. "Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ohun tí mi ò tọ́ wò."

"Ìyá mi máa ń yan kòkó, wọ́n á gún un, wọ́n á pò ó mọ́ omi gbígbóná. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, Bàbá ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan odó wọn."

Akínwálé kò yéé wá. Ó ń bá a yí kòkó, ó ń pa á lẹ́rìn-ín, títí ìfẹ́ fi wọ ọkàn àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n Ọládòṣù, bàbá Abọ́sẹ̀dé, ta kú.

"Mi ò ní fọmọ fún ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìyà ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Akínwálé gbé páálí ṣúgà kan wá fún bàbá náà. Láti àárọ̀ ló ti tò sórí ìlà nítorí rẹ̀, torí ṣúgà wọ́n nígbà náà. Abọ́sẹ̀dé wò ó. Ó wọlé, ó gbé odó ìyá rẹ̀ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gún kòkó yíyan.

Ọládòṣù gbọ́ ìró odó, ó sáré jáde. Ó dúró. Ó jókòó.

Abọ́sẹ̀dé gbé ife kòkó gbígbóná mẹ́ta kalẹ̀, ó fi ṣúgà sáàárín. Akínwálé kò mú ṣúgà. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, ṣùgbọ́n ó mu ún tán.

"Ìwọ tó tò fún ṣúgà, kí ló dé tí o ò fi sí i?" Ọládòṣù bi í.

"Ẹ̀yin lẹ ni ín, Bàbá. Èmi fẹ́ mọ bó ṣe korò gan-an."

Bàbá wo odó náà títí. "Bí èmi àtìyá ẹ ṣe ń mu ún nìyẹn, Abọ́sẹ̀dé. Ọdún mẹ́ta gbáko. Kò síṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kò sí ṣúgà. Ìyá ẹ ò ráhùn lọ́jọ́ kan." Ó ti ṣúgà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé ife tirẹ̀ mu. "Akínwálé, ní káwọn ẹbí rẹ wá rí mi."

Lábẹ́ igi kan nínú oko, Akínwálé mú bírò, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìtumọ̀ rẹ̀.

"Kí lo kọ, ọkọ mi?"

"Nigai mizu. Omi kíkorò."

"Ó dùn lẹ́nu rẹ ju bó ṣe wà nínú ife lọ."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, kí wọ́n tó fún wọn ní oyin tọ́ wò, Ọládòṣù gbé ife kòkó kan tí kò ní ṣúgà síwájú wọn. Wọ́n mu ún ní àmután. Ojú àwọn méjèèjì fún pọ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.