Ìwé Ẹ̀rí Kì í Fọn Fèrè

"Tí Tíṣà Zinsu bá ti wo àpẹẹrẹ ìwé ẹ̀rí yẹn tán, ya á sí méjì lójú ẹ̀," ni Ọ̀gá Mákánjú wí, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Mo ti gbọ́, sà," ni Ọláfúnkẹ́ dáhùn.

Òfin ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé náà nìyẹn. Ẹnì kan ti jí àpẹẹrẹ ìwé ẹ̀rí gbé níbẹ̀ rí, ó fi wáṣẹ́. Títí di òní, tí Mákánjú bá rí ẹni náà ní Badagry, ṣe ló máa ń sọdá sí òdìkejì títì.

Mákánjú wọ mọ́tò lọ ra yíǹkì ní Seme. Ọláfúnkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń bá a ṣiṣẹ́ nígbà hólídé, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ Tíṣà Zinsu ló wà níwájú rẹ̀, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní orin ní Apa. Ọláfúnkẹ́ ti ṣe pósítà ìparí ẹ̀kọ́ wọn tán: ọmọbìnrin kan ń fọn fèrè idẹ létí òkun. Fèrè bàbá rẹ̀ ló yà síbẹ̀, títí kan ibi tó ti tẹ̀ lẹ́nu.

Fèrè yẹn wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń fọn ọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ó tó kú. Tí afẹ́fẹ́ òkun bá gba àárín igi àgbọn kọjá, Ọláfúnkẹ́ ṣì máa ń dúró tẹ́tí. Ó fẹ́ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní ẹni tí kò mọ̀ ọ́n fọn kò ní fọwọ́ kàn án. Ojú sì ń tì í láti bá àwọn ọmọ kéékèèké jókòó lọ́dọ̀ Tíṣà Zinsu.

Àpẹẹrẹ ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Ó tẹ tirẹ̀ sí i: Ọláfúnkẹ́ Ajíbóyè, fún fèrè fífọn.

Tíṣà Zinsu dé. "Ovi cé, ọmọ mi, ó dára. Àmọ́ ṣé àyè yìí máa gba sáìnì mi? Sáìnì mi gùn bí ọ̀nà Kankon." Ó sáìnì ín wò, ó rẹ́rìn-ín. "Ó gbà á. Tẹ ìyókù, kí o ya èyí." Ọlọ́kadà rẹ̀ ń tẹ họ́ọ̀nù níta, ló bá jáde.

Ọláfúnkẹ́ di ìwé náà mú lọ́wọ́ méjèèjì. Kò lè ya á. "Mo kàn máa máa wò ó ni," ó wí fún ara rẹ̀, ó sì kì í bọ àpò.

Nílé, inú àpò náà ni ìyá rẹ̀, Jùmọ̀kẹ́, tó ń ta àgbọn, ti rí i nígbà tó ń wá ṣájà.

"Fèrè? Ta ló kọ́ ẹ?"

"Tíṣà Zinsu ni, Mọ́mì."

"O sì fi pamọ́ fún mi?" Ìyá rẹ̀ ti kúnlẹ̀, ó ń fa àpótí jáde. "Fọn èyí tí bàbá ẹ máa ń fọn láàárọ̀."

"Ètè ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"Kò burú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró. Mo lè dúró di ọ̀la."

Ọ̀la di ọ̀túnla. Ìyá rẹ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ fèrè náà títí ó fi ń dán. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Ọláfúnkẹ́ kò tilẹ̀ pẹ́. Lọ́jọ́ ìparí ẹ̀kọ́ orin Tíṣà Zinsu, ìyá rẹ̀ jókòó níwájú, ó gbé fèrè sórí itan bí ọmọ tuntun. Wọ́n pe àwọn ọmọ wá gba ìwé ẹ̀rí tán.

Ó dìde. "Tíṣà, ẹ ò pe ọmọ tèmi."

"Ọmọ yín? Ṣé ó wà lára wọn ni?"

"Ẹ̀yin lẹ sáìnì ẹ̀." Ó na ìwé ẹ̀rí náà sí i.

Gbogbo ojú yí sẹ́yìn, níbi tí Ọláfúnkẹ́ dúró sí. Ó lè ní ètè ṣì ń dun òun. Ó wo fèrè tó ń dán náà.

"Irọ́ ni, Mọ́mì. Àpẹẹrẹ ni. Wọ́n ní kí n ya á, mi ò ya á. Mi ò mọ fèrè fọn."

Ìyá rẹ̀ tú gèlè rẹ̀, ó fi wé fèrè náà, ó lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, Mákánjú ti gbé ẹlòmíràn sídìí kọ̀ǹpútà. "Mo ní kí o ya á," ohun tó sọ nìyẹn. Láti ìgbà náà, tó bá rí Ọláfúnkẹ́ lọ́nà, ó ń sọdá títì.

Tíṣà Zinsu nìkan ló pè é. "Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Àwọn ọmọ yẹn á fi ẹ́ rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín."

Ó lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kékeré, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. "Àǹtí," ni ọmọ kan wí, "ẹ ò fọn ún o, ẹ ń sunkún sínú ẹ̀ ni." Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó tún gbé fèrè ilé ìwé náà sẹ́nu.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tó jókòó sábẹ́ igi àgbọn lẹ́yìnkùlé wọn, tí orin bàbá rẹ̀ jáde lẹ́nu fèrè ilé ìwé náà. Ó já láàárín. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì parí rẹ̀. Ó gbọ́ tí wọ́n ń fa àpótí nínú ilé.

Ìyá rẹ̀ yọ sí ẹnu ọ̀nà. "Ibi tó ti já yẹn, ibẹ̀ náà ló ti máa ń já mọ́ bàbá ẹ lẹ́nu nígbà tó ń kọ́ ọ." Ó na fèrè náà sí i. "Gbà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò pẹ́ tí orúkọ fi ń dé orí ìwé. Ohun tí ìwé náà sọ ni kì í dé ọwọ́ ẹni àfi ká jókòó kọ́ ọ, bó tilẹ̀ ṣe ọmọdé la máa bá jókòó.