Agogo Ìyá Torquil

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ní ilé olókùúta kan létí adágún, ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì. Ẹni tí kò bá gbà á, kó fi í sílẹ̀.

Wọ́n gba Grizel síṣẹ́ níbẹ̀ kó máa jókòó ti ìyá Ìjòyè Torquil, kó máa kàwé fún un, kí ìyá sì máa bú u. Bó bá fo ojú ìwé kan, ìyá á fa okùn agogo. Gbáń. Ọdún mẹ́fà gbáko. Torquil fẹ́ràn Grizel, kò lè sọ ọ́. Ọkùnrin tó ń yìnbọn pa àgbọ̀nrín, bó bá ti rí i, á ní, "Òjò máa rọ̀ o." Níbi tí òjò ti ń rọ̀ lójoojúmọ́. Grizel náà fẹ́ ẹ, ó ń dúró. Ta ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ń sanwó fún un?

Ìyá kú. Iṣẹ́ parí. Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, Grizel di ẹrù rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ń bọ̀ wá gbé e. Bó bá lọ, ó lọ náà nìyẹn. Torquil dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òjò máa rọ̀.

Gbáń.

Láti yàrá ìyá ni. Wọ́n ń gbọ́ bí eérú ṣe ń já bọ́ nínú ààrò.

"Eku ni," Torquil wí.

Beathag alásè nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀. "Eku wo ló mọ aago mẹ́ta? Aago mẹ́ta la máa ń kàwé fún ìyá."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gòkè. Kùrukùru bo fèrèsé. Àga ṣófo. Okùn agogo tí Torquil fọwọ́ ara rẹ̀ gé lẹ́yìn ìsìnkú ṣì wà nílẹ̀. Òórùn aáṣáà ìyá ń ta.

Grizel jókòó, ó ń kàwé. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fo ojú ìwé kan.

Gbáń.

"Ẹ má bínú, mà." Ó padà sẹ́yìn.

Torquil ní ó dà bíi pé iṣẹ́ ò tíì parí, pé kò yẹ kó lọ.

Grizel pa ìwé dé. "Ṣé ìyá yín nìkan ló fẹ́ kí n dúró, sà?"

Ó wo fèrèsé. "Òjò..."

Gbáń! Eruku já bọ́ láti òkè àjà.

"Mo gbà ọ́ ní ìyàwó mi," Torquil wí, òógùn bò ó. "Lónìí. Níbí."

"Èmi náà gbà yín ní ọkọ mi."

Nílẹ̀ wọn, ìgbéyàwó ti parí nìyẹn, kò kan pásítọ̀, bí ẹlẹ́rìí méjì bá ṣáà gbọ́. Beathag ka ara rẹ̀. Ẹyọ kan. Ó tún un kà. Ẹsẹ̀ ẹṣin dún nísàlẹ̀. Ó ní kí òun lọ pe awakọ̀ wá gbọ́. Torquil ní òun ò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láyé.

Grizel kọjú sí àga. "Mà, ṣé ẹ gbọ́?"

Kò sí ìró kankan. Ó pẹ́.

Gbáń. Jẹ́jẹ́ báyìí.

Kẹ̀kẹ́ padà lófìfo.

Lọ́sẹ̀ kejì, pásítọ̀ gbé ìwé ìgbéyàwó wá kí àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Beathag, tí kò mọ̀wé kọ, fa àmì àgbélébùú síbẹ̀ dípò orúkọ, ó gbé kálàmù sílẹ̀, ó lọ gbé tíì. Àwọn yòókù wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo òjò. Nígbà tí wọ́n padà, orúkọ kan wà lábẹ́ àgbélébùú yẹn. Yíǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ. Aáṣáà díẹ̀ dà sí i lára.

Pásítọ̀ sín. Ó ká ìwé rẹ̀, ó lọ. Kò mu tíì.