Tẹ̀ Ẹ́ Kí O Tó Gé E

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà tà á fún mi."

Bàbá Rédíò, tó ń tún rédíò àti gìtá ṣe, ń fi àtàǹpàkò nu eruku ojú páálí kékeré kan. Okùn gìtá béèsì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, kálukú nínú àpò bébà tirẹ̀. Wọ́n dàgbà ju ọmọbìnrin tó ń bẹ̀bẹ̀ lọ, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò so wọ́n mọ́ gìtá rí.

"Ọ̀rẹ́ mi ló rà wọ́n," ni bàbá náà wí nígbẹ̀yìn. "Òun ló ń lu béèsì, èmi ń kọrin. Ọjọ́ Sátidé la fẹ́ so wọ́n. Ọjọ́bọ̀ ló kú."

Ọmọ Aránṣọ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé-ìwé, nítorí iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Oṣù kejì rèé tí wọ́n kó dé ìlú náà, kò sì tíì sí ẹni tó béèrè orúkọ rẹ̀. Bí aago ìsinmi bá lù, òun nìkan ni í jókòó sórí àtẹ̀gùn, á máa ṣe bí ẹni tó ń kàwé. Ìwé ọ̀hún, ojú ewé kan náà ló máa ń ṣí sí lójoojúmọ́! Àdáwà ọ̀hún dùn ún wọra. Àfi ọjọ́ tí olùkọ́ orin béèrè ẹni tó lè lu béèsì tó wà ní yàrá ẹrù, tí ọmọbìnrin náà sì nawọ́ sókè. Láti ọjọ́ náà ni àwọn olórin mẹ́rin ti ń jókòó tì í. Ṣùgbọ́n okùn béèsì náà ti dípẹtà, olùkọ́ sì ti sọ ọ́: bí kò bá sí òmíràn títí di ọjọ́ Ẹtì, dùùrù ni yóò gba iṣẹ́ rẹ̀.

"Màá tà á," ni Bàbá Rédíò wí, "ṣùgbọ́n gbé gìtá náà wá, kí n bá ẹ so ó. Wáyà ni wọ́n wé mọ́ okùn yìí lára. O gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí o tó gé e. Bí o bá gé e ní títọ́ báyìí, wáyà ara rẹ̀ á tú, ohùn rẹ̀ á kú. Kí n sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó tán."

"Màá gbé e wá lọ́la, sà. Mo ṣèlérí." Ó sanwó, ó sì gbé páálí náà lọ.

Ẹyin lohùn. Lọ́jọ́ kejì, ó ti gbé gìtá kọ́ èjìká nígbà tí Onílù, olórí àwọn olórin, dá a dúró.

"Ibo lo ń gbé e lọ?"

"Ọ̀dọ̀ Bàbá Rédíò. Wọ́n fẹ́ bá mi so okùn rẹ̀."

Ni òun àti àwọn olórin yòókù bá bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá inú ṣọ́ọ̀bù páànù yẹn? Háà! A mà rò pé o mọ béèsì ni!"

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó rí àtẹ̀gùn tó ń dá jókòó sí tẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ta ló ní n ò lè so ó?" ló wí, ó sì mú ẹ̀mú tí wọ́n fi ń gé wáyà. Kò so okùn béèsì rí láyé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó kọ́ ọ ní gìtá ló máa ń so ó. Okùn tó ki jù ló kọ́kọ́ mú. Ọ̀rọ̀ bàbá náà sọ sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n Onílù ti ń fẹsẹ̀ lulẹ̀: "Ṣe kíá, jàre!"

Ó gé e.

Nígbà tó so ó tán tó lù ú, ohùn rẹ̀ kàn ń dún pù, bí ẹni ń gbá ìrọ̀rí. Ó tẹ àwọn mẹ́ta yòókù kó tó gé wọn, wọ́n sì dún dáadáa, ṣùgbọ́n orí èyí tó kú ni orin wọn dúró lé. Lọ́jọ́ Ẹtì, dùùrù gba ipò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u. Ìbá sàn kí wọ́n bú u. Wọ́n kàn gbàgbé rẹ̀ ni. Ó padà sórí àtẹ̀gùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé gìtá lọ sọ́dọ̀ Bàbá Rédíò. Àga méjì ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti nu ìkejì mọ́ tónítóní.

"Láti Ọjọ́rú ni mo ti gbé e síta," ni bàbá náà wí. "Mo ní bóyá iṣẹ́ ilé-ìwé ni ò jẹ́ kí o ráyè."

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá náà fọwọ́ pa ẹnu okùn tó ti tú.

"Ó dùn mí," ló wí, "n ò ní parọ́ fún ẹ. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ìwọ tí wọ́n sì júwe ọ̀nà fún, o kọ̀, o ò gbà á." Ó gbé gìtá náà padà lé e lọ́wọ́. "Ó ku mẹ́ta. Jókòó, kí o lù ú."

Ó jókòó, ó ń lù ú. Níbi tí okùn kẹrin bá ti yẹ kó dún, Bàbá Rédíò á fi ohùn àyà rẹ̀ kùn ún, ohùn tó wúwo, tó sì ń gbọ̀n díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é dé òpin.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o. Ọ̀pọ̀ wa ló ń sá tẹ̀lé àwọn tí kò bìkítà bóyá a wà, tí ẹni tó gbé àga sílẹ̀ dè wá á sì máa wo ọ̀nà títí. Ẹni tó ní kí a padà wá, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló fẹ́ bá wa ṣe.

Bàbá náà nu omi ojú ara rẹ̀. "Gbọ́ ná," ló wí, "kí lorúkọ ẹ gan-an?"

Ọmọbìnrin náà sọ ọ́ fún un.