Àlíyù Ṣí Fìlà Lórí Àgbàdo

Bí wọ́n bá sọ fún Àlíyù láàárọ̀ ọjọ́ náà pé obìnrin tí yóò gba oorun lójú òun ń dúró de òun láàárín oko àgbàdo, yóò ní kí wọ́n lọ sinmi. Ọkọ̀ rẹ̀ tó kó obì gbànja bọ̀ láti Ìpara ló gbóná lẹ́bàá Ìkẹ́nnẹ́, ló bá gbé kẹ́ẹ̀gì, ó ń wá omi kiri. Ó yà sínú oko ìwádìí kan, ibẹ̀ ló sì ti rí i. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó àgbàdo bo irun orí obìnrin náà títí dé ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń fi àpò bébà dé ọmọ àgbàdo lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń dé ọmọ ìkókó ní fìlà lásìkò ọyẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí," ni Àlíyù wí. "Ṣé Yídì ni àgbàdo yìí ń lọ tí ẹ fi ń dé e ní fìlà?"

Obìnrin náà ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Rárá o. Ẹ̀hà ni wọ́n wà. Ẹ rọra, kí ẹ má baà wo ìyàwó oníyàwó."

Àlíyù rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé omi tó ń wá.

Dásọ́lá Lánípẹ̀kun lorúkọ rẹ̀, onímọ̀ nípa irúgbìn. Kòkòrò kan ló ń bá jà, èyí tó máa ń gbẹ́ inú igi àgbàdo títí igi náà yóò fi dá sí méjì. Ó ti rí àgbàdo pupa àtijọ́ kan tí igi rẹ̀ le ju eyín kòkòrò náà lọ, àmọ́ tí ọmọ rẹ̀ kò ju ìka lọ. Òun ló fẹ́ so pọ̀ mọ́ àgbàdo funfun tó ń so ọmọ ńlá. Bí irun ọmọ àgbàdo bá ti yọ, Dásọ́lá fúnra rẹ̀ ni yóò gbọn lẹ́búlẹ́bú ọkọ tó yàn fún un sí i, tí yóò sì tún dé e padà.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ Túsìdeè tí ọkọ̀ Àlíyù kì í gbóná ní Ìkẹ́nnẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Dásọ́lá bi í pé, "Ṣé ọkọ̀ ló ń gbóná ni, àbí ọlọ́kọ̀?" Àlíyù ní àwọn méjèèjì ni. Bí "ẹ" ṣe di "o" láàárín wọn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bàbá Dásọ́lá, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, alàgbà nínú ìjọ Àdìfẹ́ńtì ní Ìlíṣàn, ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. "Ọmọ ìmàle oníṣòwò obì láti Ṣàgámù?" ló wí. "Wá ẹlòmíràn, ọmọ mi." Dásọ́lá kò wá ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá mọ àwọn oníṣòwò obì mọ̀ pé ooru inú ewé ni wọ́n ń bẹ̀rù ju olè lọ. Obì tó bá ń làágùn nínú ewé, jíjẹrà ló ń bọ̀ wá jẹrà. Láti kékeré ni Àlíyù ti ń tú ewé obì bàbá rẹ̀ kó lè rí afẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà ọdún 1994, ó gbé ọ̀pẹ òyìnbó wá fún Dásọ́lá, ó sì gbàgbé pé ọjọ́ ìsinmi ìjọ wọn ni. Owólabí, ọlọ́dẹ oko, jẹ́ kó wọlé nítorí ó mọ̀ ọ́n, ó sì padà sẹ́nu géètì. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, oòrùn sì ti mú. Àlíyù wo àwọn àpò bébà náà, ó rí i pé omi ń sẹ̀ nínú wọn bí ìrì.

Ó rò ó pé ṣebí Dásọ́lá ti sọ fún un pé Ọjọ́bọ̀ lòun yóò ṣe ìgbéyàwó wọn tán, kí ni ìbòjú tún ń ṣe lórí wọn? Ló bá ká apá aṣọ sókè, ó sì ṣí gbogbo wọn, ebè mẹ́ta gbáko. Ó to àwọn àpò náà jọ, ó fi òkúta lé wọn, ó sì ń súfèé lọ sílé.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ó padà wá gbọ́ ọpẹ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló bá Dásọ́lá, bàbá rẹ̀ tó fi ọkọ̀ gbé e wá dúró tì í. Owólabí kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó ń búra.

"O sùn," ni Dásọ́lá ń wí fún un. "O sùn, àwọn ọmọ kan wọlé wá fi iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ṣeré. Irun tuntun ṣì ń yọ lára wọn! Afẹ́fẹ́ ti gbé lẹ́búlẹ́bú onílẹ̀ àti àlejò wá. Mi ò mọ bàbá ọmọ kankan mọ́ nínú oko yìí. Irúgbìn pupa sì ti tán lọ́wọ́ mi. Lọ kó ẹrù rẹ."

Kò sẹ́ni tó rí Àlíyù lánàá ju Owólabí lọ, Owólabí ò sì fẹ́ dárúkọ rẹ̀ níwájú bàbá. Bí Àlíyù bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

"Èmi ni," ló wí. "Kì í ṣe Owólabí. Wọ́n ń làágùn, mo rò pé wọ́n fẹ́ jẹrà."

"Máa lọ, Àlíyù," ni Dásọ́lá wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Àlíyù lọ. Ó dùn ún dé eegun.

Ṣùgbọ́n kò jókòó sílé káwọ́ lérí. Gbogbo abúlé tó ti ń ra obì ló ń béèrè àgbàdo pupa àtijọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló dé ilé ìyá arúgbó kan ní Ìpara, Àbẹ̀bí lorúkọ rẹ̀. Àlíyù gbójú sókè, ó rí ọmọ àgbàdo pupa márùn-ún tí wọ́n so rọ̀ sókè ààrò, èéfín ti sọ háríhá wọn di dúdú.

"Kí lo fẹ́ fi í ṣe?" ni ìyá bi í.

"Iṣẹ́ obìnrin kan ni mo bà jẹ́, ìyá. Mo fẹ́ tún un ṣe."

"O fẹ́ràn rẹ̀?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, ìyá."

"Ṣé o ti sọ fún un, kó o tó wá ń sọ fún mi?"

Àlíyù mi orí pé rárá. Ìyá Àbẹ̀bí rẹ́rìn-ín, ó já àgbàdo náà lé e lọ́wọ́. "Gbé e lọ. Sọ méjèèjì fún un pọ̀."

Ó sọ ọ́ lóòótọ́, lẹ́nu géètì, àgbàdo lọ́wọ́, kò fi ẹ̀fẹ̀ kún un. Dásọ́lá fọwọ́ pa àgbàdo pupa náà, ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbìn ín," ló wí.

Wọ́n gbìn ín ní oṣù kẹjọ. Àlíyù ò fọwọ́ kan nǹkan kan àfi tí wọ́n bá rán an. Kòkòrò dé, ó ṣẹ́ àgbàdo funfun lulẹ̀ lápá kan, pupa dúró. Nígbà tí oṣù kọkànlá fẹ́ parí, ọmọ àgbàdo tí Dásọ́lá so pọ̀ kún apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin, ó sì mọ ìyá àti bàbá gbogbo wọn.

Ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e ni Bàbá Lánípẹ̀kun ránṣẹ́ pe Àlíyù sí Ìlíṣàn.

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe olùkọ́," ni bàbá wí. "Àwọn ọmọ tó fọ́ fèrèsé lójú mi ò níye. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́wọ́ kí n tó mú pàṣán. Ìwọ jẹ́wọ́ nígbà tí ẹlòmíràn ti fẹ́ bá ọ gbé e. Ẹ̀sìn ńkọ́?"

"Mi ò ní ní kó fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀, sà. Èmi náà ò sì ní fi kírun sílẹ̀. Jímọ̀ ni tèmi, Sátidé ni tirẹ̀."

"Ọjọ́ wo lẹ ó wá máa ṣiṣẹ́?"

"Sọ́ńdè, sà."

Bàbá fẹ́ fajú ro, kò ṣeé ṣe. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó mí kanlẹ̀. "Inú mi ò tíì dùn tán o. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tí n ó fọkàn tán jù ọ́ lọ. Jẹ́ kí àwọn ẹbí rẹ wá."

Àlíyù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Dásọ́lá sìn ín jáde. Wọ́n dé ìdí ọkọ̀.

"O ò tíì dá mi lóhùn láti oṣù keje," ni Àlíyù wí.

"Mo fẹ́ràn rẹ," ni Dásọ́lá wí. "Lọ́jọ́ tí o la ẹnu pé ìwọ ni, tí Owólabí dìde lórí eékún, mo ti mọ̀ pé ìwọ ni n ó fẹ́. Inú ló ń bí mi tí mi ò fi sọ."

Ó di ọwọ́ Àlíyù mú níwájú ilé bàbá rẹ̀, lójú gbogbo àdúgbò, kò sì jù ú sílẹ̀.